Orúnkún Tó Ń Yẹ̀, X-ray Tí Kò Rí Nǹkan

  Ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo gbé wá lónìí.

Gbólóhùn kan wà tí mo ń gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní agbègbè wa yìí, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá àti ní Okokomaiko. Ọmọ kan á lọ gbá bọ́ọ̀lù, á fi orúnkún ṣèṣe, wọ́n á gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ya X-ray fún un. Ìyá rẹ̀ á padà délé, inú rẹ̀ á máa dùn: "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run o, wọ́n ní kò sí nǹkan, eegun rẹ̀ kò ṣẹ́." Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orúnkún kan náà á kàn yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ayé kọ́. Eegun ni X-ray yẹn wò, ohun tó so eegun pọ̀ ló já.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: fọ́tò tí kò rí eegun tó ṣẹ́ kò tíì sọ fún wa pé orúnkún yè. Ọwọ́ ẹni tó mọ orúnkún yẹ̀ wò ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá rí ni yóò sọ irú fọ́tò tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú orúnkún fúnra rẹ̀. Eegun itan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pín sí kókó méjì tó rí róbótó, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá ìta. Eegun ojúgun ló wá pàdé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, orí tirẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìbàdí, Elédùmarè gbẹ́ ihò tó jìn tí eegun itan wọ̀ sí. Kò sí irú ihò bẹ́ẹ̀ ní orúnkún. Bí a bá yọ ẹran àti okùn kúrò, ńṣe ni eegun kan máa yọ̀ bọ́ lórí èkejì. Tìmùtìmù méjì wà láàrin wọn, tí àwọn dókítà ń pè ní meniscus. Àwọn ló ń gba ìwúwo ara, tí eegun kì í fi í gún eegun. Ṣùgbọ́n ohun tó mú orúnkún dúró gan-an ni àwọn okùn iṣan tí wọ́n ń pè ní ligament.

Mẹ́rin nínú wọn ló lágbára jù. Ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, ó fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ. Ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí báyìí, ẹ lè fọwọ́ kan ti ẹ̀gbẹ́ ìta yìí. Ẹ gbé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí orúnkún òsì, kí orúnkún ọ̀tún ṣí síta. Ẹ wá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún ọ̀tún náà, ní òkè kókó eegun kékeré tó wà níbẹ̀. Ohun kan wà tó le lábẹ́ ìka yín, tó na tàntàn láti òkè sí ìsàlẹ̀. Òun nìyẹn. Ẹni tó bá ń wakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá délé.

Àwọn méjì tó kù wà nínú lọ́hùn-ún, wọ́n gba ara wọn kọjá. Èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ̀ sí ACL, tí èmi yóò máa pè ní okùn iwájú, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kókó ìta eegun itan, ó gba àárín sọ̀ kalẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ apá iwájú orí eegun ojúgun. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ti àtàǹpàkò àgbàlagbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí ojúgun yọ̀ síwájú lábẹ́ itan, àti láti má jẹ́ kó yí wọ inú kọjá bó ṣe yẹ nígbà tí a bá ń yí padà lójijì. Okùn ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní PCL, nípọn jù ú lọ. Òun ló ń dènà kí ojúgun yọ̀ sẹ́yìn. Àwọn okùn yìí tún ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ: inú wọn ni àwọn iṣan ìmọ̀lára kéékèèké wà tó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, bí a kò bá tilẹ̀ wò ó. Ìdí nìyí tí ẹni tí okùn iwájú rẹ̀ já fi máa ń sọ pé òun kò fọkàn tán ẹsẹ̀ òun mọ́.

Báwo ló ṣe ń já? Lọ́jọ́ Sátidé, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ta ni kò mọ bí pápá ṣe máa ń kún, láti inú bárékè àwọn ọmọ ogun títí dé ìtòsí LASU, tí àwọn ọmọ á máa gbá mọ́ńkì póòsì? Ọmọ kan ń sáré bọ̀, ó fẹ́ gé ẹni tó ń mú un. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gan mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ yí, orúnkún wọ inú. Ẹnikẹ́ni kò gbá a. Ó gbọ́ "pó!" nínú orúnkún rẹ̀, nígbà míì ẹni tó wà nítòsí náà á gbọ́ ọ. Ó ṣubú, ó di orúnkún mú, ó ké. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ìrora náà rọlẹ̀, ó ní òun fẹ́ padà wọlé. Kí wákàtí méjì tó pé, orúnkún ti wú, ó ti le gbagidi.

Ẹ fi ọkàn sí wákàtí méjì yẹn. Okùn iwájú ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú. Bó bá já, ẹ̀jẹ̀ á ya sínú orúnkún kíákíá. Orúnkún tó wú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ nígbà púpọ̀, àwọn ìwádìí sì ti fi hàn pé nínú mẹ́wàá irú orúnkún bẹ́ẹ̀ tó ṣèṣe lórí pápá, nǹkan bíi méje ni okùn iwájú ti já. Èyí tí kò wú àfi nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, omi ló sábà máa ń jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé meniscus ló ya. Nítorí náà, ìbéèrè tó níye lórí jù tí ìyá tàbí kóòsì lè dáhùn lọ́dọ̀ dókítà ni pé: ìgbà wo ló wú?

Kì í ṣe lórí pápá àdúgbò nìkan ló ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2019, Super Eagles ń bá Brazil gbá ní Singapore. Joe Aribo ti gbá góòlù sáwọ̀n wọn, Casemiro sì ti dá a padà. Francis Uzoho, gólì wa, fò mú bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà á. Wọ́n gbé e jáde, Maduka Okoye wọlé. Bíbalẹ̀ lásán ni, ọ̀pọ̀ okùn iwájú ló ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ já. Àwọn onímọ̀ tó wo fídíò irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí láti igun púpọ̀ sọ pé jíjá okùn náà kì í ju ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ronú kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ara tí a ti kọ́ ṣáájú nìkan ló lè gba ara rẹ̀ là. N óò padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ogun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa yòókù lọ. Owens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye okùn iwájú tó ń já láàrin àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 ni pé nǹkan bíi mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún kan ló ń já lọ́dọọdún, ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn aráàlú. Fífò kọjá kòtò, bíbalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, eré bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́: orúnkún ló ń gba gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe tòní. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, orúnkún àwọn tó fara pa wà lára ohun tí oníṣẹ́ abẹ Hey Groves ní Bristol ń tún ṣe, òun ló sì tẹ ọ̀kan jáde nínú àwọn ìròyìn àkọ́kọ́ nípa ṣíṣe okùn iwájú tuntun, ní 1917. Ilé ìwòsàn eegun tiwa ní Igbóòbí náà, ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ìwòsàn ní 1945.

Àwọn ọmọbìnrin wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́? Nínú eré kan náà, okùn iwájú obìnrin máa ń já ju ti ọkùnrin lọ, ó lé ní ìlọ́po méjì. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin ní 2023, Beth Mead àti Leah Williamson ti England àti Vivianne Miedema ti Netherlands kò lè lọ nítorí okùn yìí. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù, tí kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, kò tíì kọ́ ọ tán.

Ó kù sí ọwọ́ tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan wà ní Philadelphia, John Lachman, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà kan láti fi ọwọ́ yẹ okùn iwájú wò. Torg, tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, á tú ara sílẹ̀. Dókítà á ká orúnkún náà díẹ̀, bí ìwọ̀n 20 sí 30 dígíríì, kì í ṣe kíká pátápátá. Ọwọ́ kan á di itan mú gírígírí lókè orúnkún, ọwọ́ kejì á di ojúgun mú, àtàǹpàkò á wà níwájú. Á wá fa ojúgun síwájú lẹ́ẹ̀kan. Bí okùn bá wà, ojúgun á yọ díẹ̀, á sì dúró gbì, bí ẹni pé ó kan ògiri. Bí okùn bá ti já, á máa yọ̀ bọ̀ ni, ìdúró yẹn kò ní sí. Ẹsẹ̀ kejì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí orúnkún ẹlòmíràn rọ̀ láti ìbí.

Ohun tó wú mi lórí ni pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò lo iná mànàmáná, kò lo ẹ̀rọ, ó sì ṣeé ṣe lórí bẹ́ǹṣì ní ibi ìtọ́jú tó kéré jù ní Ìbá. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí orúnkún ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ìrora á mú ẹran ẹ̀yìn itan le, á sì di ojúgun mú bí ẹni pé okùn ṣì wà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti sọ fún lọ́jọ́ náà pé kò sí nǹkan, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí wíwú ti rọlẹ̀, ọwọ́ á rí i kedere. Nítorí náà, ẹ padà lọ. Bí wọn kò bá ní kí ẹ padà, ẹ bèèrè.

Ní àárín ọ̀sẹ̀ kan yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí tàbí ìpara gbígbóná wọ́ orúnkún tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń to eegun ní ọlá láàrin wa, mi ò sì bú wọn. Ṣùgbọ́n okùn tó já nínú orúnkún kò ṣeé tò láti ìta, fífà yẹn sì lè ba meniscus tó ṣẹ́kù jẹ́. Píọ́ wọ́tà tó ti dì, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè lórí ìrọ̀rí. Ìyẹn tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

X-ray ńkọ́? Mi ò ní kí ẹ má ya á. Ó lè rí eegun ojúgun tó là lókè, ó sì lè rí i nínú ọmọdé pé okùn fúnra rẹ̀ kò já, àmọ́ ó fa ìdì rẹ̀ tu lára eegun. Ó tún ní àṣírí kan. Ní 1879, ọdún mẹ́rìndínlógún kí Röntgen tó ṣàwárí ìtànṣán X-ray, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Paul Segond, ṣe àkíyèsí pé bí wọ́n bá yí orúnkún òkú lọ́nà kan, èérún eegun kékeré kan máa ń já kúrò ní etí ìta orí eegun ojúgun. Èérún yẹn ṣì ń hàn lórí X-ray títí dòní, kò ju èékánná ìka lọ. Ojú tí kò mọ̀ ọ́n á fò ó kọjá. Ojú tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ṣeé ṣe gan-an kí okùn iwájú ti já. Ẹ pa X-ray yín mọ́, ẹ má sọ ọ́ nù, kí dókítà tó kàn lè tún un wò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún náà lè wo okùn ẹ̀gbẹ́ inú àti ti ìta dáadáa, torí wọ́n súnmọ́ awọ ara. Kò ríran dé okùn iwájú tó fara pamọ́ sáàárín eegun.

Ẹ̀rọ tó ń rí i ni MRI. Kò lo ìtànṣán X-ray rárá. Òòfà ńlá ni, tó ń mú kí omi inú ara wa dáhùn, tí kọ̀ǹpútà á sì fi ìdáhùn náà ya àwòrán. Paul Lauterbur àti Peter Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2003. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ bí ìdajì wákàtí láìmira, ẹ̀rọ á máa lù gbàgbàgbà. Wọ́n á fún un ní ohun tí á fi dí etí. Ẹ̀yin ọmọ ogun àti ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ gbọ́ eléyìí: bí ọta ìbọn tàbí èérún bọ́ǹbù bá wà lára yín, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó wọ yàrá náà. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Lórí àwòrán MRI, okùn iwájú tó yè máa ń hàn bí ìlà dúdú, tó na tààrà láti ẹ̀yìn òkè bọ̀ wá síwájú ìsàlẹ̀. Bó bá já, dúdú yẹn á dàrú. Omi àti ẹ̀jẹ̀ á ràn mọ́ ọn, á funfun, á wú. Nígbà míì ẹ ó rí i tó dùbúlẹ̀ sórí ojúgun, tí kò dìde mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi han ènìyàn ni ti eegun. Ẹ ó rí àpá kan lára kókó ìta eegun itan, àti òmíràn ní ẹ̀yìn orí eegun ojúgun lápá ìta kan náà. Ibi méjèèjì yìí kì í kan ara wọn nígbà tí ènìyàn bá dúró. Bí wọ́n ṣe jọ dápàá fi hàn pé ní ìdá ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ojúgun ti yọ jáde síwájú, eegun ti gbá eegun, ó sì ti padà sí àyè rẹ̀ kí ọmọ náà tó kan ilẹ̀. X-ray kì í rí àpá yìí rárá. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan á ti parẹ́, ìdí nìyẹn tí MRI tí a tètè ṣe fi ń sọ̀rọ̀ ju èyí tó pẹ́ lọ.

MRI kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Ogbole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹ̀rọ yìí ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, 84 péré ni wọ́n rí, 58 nínú rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa ló sì jẹ́ èyí tí agbára òòfà rẹ̀ kéré. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ta ọjà ní Alábà tàbí tó ń gba owó oṣù síájẹ́ǹtì. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọwọ́. Bí ọwọ́ tó mọṣẹ́ bá ti sọ pé okùn já, MRI á wá sọ ohun tó kù: ṣé meniscus ya, ṣé okùn ẹ̀gbẹ́ kún un, ṣé igun ẹ̀yìn ìta bàjẹ́? Ẹni tó ná owó MRI láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ lè gba àwòrán tó máa dẹ́rù bà á lásán. Ní Framingham, Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2008 wo orúnkún àwọn àgbàlagbà tí MRI sọ pé meniscus wọn ya: 61 nínú 100 ni orúnkún kò dùn rárá fún oṣù kan ṣáájú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀kadà, torí ìjàǹbá rẹ̀ lè já okùn ẹ̀yìn. Nígbà tí Ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kẹfà 2022, tí wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án, Ọ̀jọ́ kò sí nínú wọn. Ọ̀kadà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àdúgbò wa. Orúnkún ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ ká, ojúgun rẹ̀ ló sì ṣáájú. Bí ó bá kọlu ọkọ̀, ojúgun á ti sẹ́yìn, okùn ẹ̀yìn á já. Ẹ lè rí i lójú lásán: kí ẹni náà dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún méjèèjì, kó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀; ẹ wo ó láti ẹ̀gbẹ́. Ojúgun ti ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ á rì sẹ́yìn ju èkejì lọ.

Èyí tó burú jù ni kí okùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan, kí orúnkún yẹ̀ kúrò pátápátá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn orúnkún gan-an kọjá, ó sì so mọ́lẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kò lè sá. Ó lè ya. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé eegun náà lè padà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. X-ray á ní kò sí nǹkan, ẹsẹ̀ á sì máa kú lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá padà dé ẹsẹ̀ láàrin wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, gígé ló sábà máa ń já sí. Nítorí náà, orúnkún tí ìjàǹbá ọ̀kadà bá bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó ń mì síbí mì sọ́hùn-ún, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀. Ṣé ó tutù ju èkejì? Ṣé ó ti ṣì? Ṣé ìlù ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lù lórí ẹsẹ̀, àti lẹ́yìn kókó inú ọrùn ẹsẹ̀? Ṣé ó lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti wo iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?" Wọ́n lè fi ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀ wé ti apá, bí ti ẹsẹ̀ kò bá tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti apá, CT tó ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kàn, kíákíá. Láti Okokomaiko, ọ̀nà LASU gba Ìgándò, ibi tí ilé ìwòsàn ìjọba Alimosho wà. Ẹ má ṣe yà síbòmíràn lọ wọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó gbá mọ́ńkì póòsì. Ṣé gbogbo ẹni tí okùn iwájú rẹ̀ já ni wọ́n gbọ́dọ̀ la? Rárá. Ní Sweden, Frobell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín 121 ọ̀dọ́ sí méjì: wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, àwọn yòókù ṣe fisiotẹ́rápì gidi, pẹ̀lú àyè láti ṣe iṣẹ́ abẹ bí orúnkún bá ṣì ń yẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìròyìn tí ìhà méjèèjì fúnra wọn mú wá nípa orúnkún wọn kò yàtọ̀, nínú 59 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fisiotẹ́rápì, 23 péré ló wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ẹni tí owó iṣẹ́ abẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ fisiotẹ́rápì yẹn kì í ṣe ọjọ́ méjì ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù púpọ̀ ni, kí ẹran iwájú àti ẹ̀yìn itan lè gba iṣẹ́ okùn náà ṣe. Orúnkún tó ń yẹ̀ léraléra láìsí ìtọ́jú ló ń lọ meniscus, ohun tó sì ń sọ ẹni ọdún 25 di ẹni tó ń fi ọwọ́ di àtẹ̀gùn mú nìyẹn.

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ, iṣan ẹ̀yìn itan aláìsàn fúnra rẹ̀ tàbí ti iwájú orúnkún rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe okùn tuntun. Kó má ṣe kánjú padà sórí pápá. Ẹni tó bá padà kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, ewu kí orúnkún tún bàjẹ́ pọ̀ gan-an. Victor Boniface, ọmọ tó dàgbà ní Àkúrẹ́, fi orúnkún ṣèṣe gidi lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní Norway. Ó padà, ó sì wà nínú Bayer Leverkusen tó gba líìgì Jámánì ní 2024 láìpàdánù eré kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Mo ní n óò padà sórí ara tí a kọ́ ṣáájú. Èkó yìí náà ni wọ́n ti dán an wò. Owoeye, Akinbo, Tella àti Olawale mú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù 20 nínú Lagos Junior League, ọmọkùnrin tó lé ní 400, ọmọ ọdún 14 sí 19. Ìdajì nínú àwọn ẹgbẹ́ náà ń fi ìgbaradì tí FIFA pè ní 11+ ṣáájú eré, ìdajì yòókù ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 ni pé ìfarapa dín kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn tó ṣe é, ti ìbàdí dé ẹsẹ̀ sì dín kù ní ìdá 48. Àwọn ọmọ tiwa ni, lórí irú pápá tiwa.

Ogún ìṣẹ́jú ni. Sísáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ṣáájú. Wọ́n á wá kúnlẹ̀, ẹnìkejì á di ọrùn ẹsẹ̀ wọn mú láti ẹ̀yìn, wọ́n á máa ṣubú síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹran ẹ̀yìn itan lè dá ara dúró. Wọ́n á dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Wọ́n á fò sókè, wọ́n á balẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ká, tó dojú kọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ, tí kò wọ inú. Sísáré pẹ̀lú yíyí padà lójijì ló kẹ́yìn. Kò gba ohun èlò kankan ju bọ́ọ̀lù àti òkúta díẹ̀ tí ẹ máa fi sàmì. Ẹ̀yin kóòsì tí ẹ ń gbọ́ mi láti bárékè dé Ìbá Estate, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ sì dúró ní iwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń balẹ̀, kí ẹ máa wo orúnkún rẹ̀. Èyí tó bá ń wọ inú, ẹ dá a dúró, kó tún un ṣe.